“Too heavy a load” ni àbí “a too heavy load”? Ibi tí “a” ń gbé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè òǹkàwé wa kan rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS3 kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé ‘It was a too heavy load for the boy to carry.’ Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa fa igi lé e, ó kọ ‘too heavy a load’ sókè rẹ̀, kò sì sọ ìdí. Ọmọ ń bi mí pé ṣebí ‘a very heavy load’ ni wọ́n kọ́ àwọn, kí ló wá dé tí ‘a’ fi lọ sẹ́yìn nígbà tó kan ‘too’? Mi ò rí èsì fọ̀. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Báwo la sì ṣe máa ń mọ ìgbà tí ‘a’ ń kúrò ní àyè rẹ̀?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Tíṣà ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣàlàyé, torí òfin tí ọmọ yín dì mú kì í ṣe irọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “a” ló ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀ àpèjúwe á tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ orúkọ á kẹ́yìn: “a load”, “a heavy load”, “a very heavy load”. Ẹ fi “extremely”, “fairly”, “really” tàbí “terribly” rọ́pò “very”, kò sí èyí tó máa kọjá síwájú “a” nínú wọn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé “very a heavy load”.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n mẹ́fà ni òfin yìí kò mú: “so”, “too”, “as”, “how”, pẹ̀lú “this” àti “that” nígbà tí wọ́n bá túmọ̀ sí “tó báyìí” àti “tó bẹ́ẹ̀”. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti so mọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, á fà á kúrò lẹ́yìn “a”, àwọn méjèèjì á jọ bọ́ síwájú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ “too heavy a load”, “so heavy a load”, “as heavy a load as mine”, “how heavy a load?”, “that heavy a load”. “However” náà ń ṣe bíi “how”, torí inú rẹ̀ ló ti jáde: “however heavy a load he carries”, ìyẹn, bó ti wù kí ẹrù tó ń rù wúwo tó.

Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn ọmọ náà palẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti hàn: “It was too heavy a load for the boy to carry.” Lẹ́yìn “It was”, apá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. “Too” ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. “Heavy” ni ohun tí “too” ń wọ̀n, nǹkan kan ò sì gbọdọ̀ bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. “A load” tẹ̀lé wọn. Ìrù gbólóhùn ló wá gbẹ̀yìn: “for the boy to carry”. Ìrù yìí ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Wọ́n mọ̀ pé “too” ló ni ín, nítorí náà wọ́n á fẹ́ kó sún mọ́ “too”, wọ́n á kọ “too heavy for the boy to carry a load”. Gbólóhùn ti dàrú nìyẹn. Ẹ̀yìn “load” ni kí ìrù náà dúró. Bákan náà ni “too good an offer to refuse” àti “so good a cook that people come from the next street”. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wà níwájú pátápátá, ìrù rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ọ̀rọ̀ orúkọ sì wà láàárín wọn.

Kí ló wá dé tí “too” fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí “very” kì í ṣe é? Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. “A very heavy load.” Ọ̀rọ̀ ti parí, etí kò retí nǹkan kan mọ́. “Too heavy…” Ó wúwo jù fún ta ni? Ó wúwo jù láti ṣe kí ni? Nǹkan ṣì kù. “So heavy” ń retí “that”, bí “tó bẹ́ẹ̀” tiwa ṣe ń retí “tí” tàbí “débi pé”. “As heavy” ń retí “as” kejì. “How heavy” ń retí ìdáhùn. “This heavy” àti “that heavy” ń retí kéèyàn na ọwọ́ sí nǹkan, tàbí kó rántí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Gbogbo wọn ló ń fi ẹrù yìí wé nǹkan mìíràn tí kò sí nínú “a load” fúnra rẹ̀. Èyí ló rọrùn jù fún ọmọ láti fi dá wọn mọ̀: tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n bá ṣì ń retí nǹkan, kó fura sí i pé ó lè fẹ́ bọ́ síwájú “a”.

Mo ní kó fura ni o, torí ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí wọ́n ń retí nǹkan, síbẹ̀ tí wọn kì í sábà kúrò lẹ́yìn “a”. “More” ń retí “than”, ṣùgbọ́n “a more difficult question than the first” là ń sọ. “Enough” náà ń retí ìrù, ṣùgbọ́n “a big enough pot for ten people” ló wọ́pọ̀. Ìgbà tí “no” tàbí “any” bá wà lọ́rùn “more” ló sábà máa ń jáde síwájú: “no more difficult a question than the first”. Nítorí náà, ìfura nìkan ò tó. Kí ọmọ há àwọn mẹ́fà yẹn sórí.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé “a” lè ṣípò. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ní “a” bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. “Ān” ló wà, “ọ̀kan” ló sì túmọ̀ sí. Lápá kan, ó di “one”. Lápá kejì, wọn ò tẹnu mọ́ ọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ó rọ̀ di “an” àti “a”. Àwa náà ní irú rẹ̀, torí “kan” tó wà nínú “ẹrù kan” kò jìnnà sí “ọ̀kan”. Ṣùgbọ́n tiwa ń dúró sẹ́yìn ọ̀rọ̀ àpèjúwe, “ẹrù ńlá kan”, a sì lè yọ ọ́ kúrò láìsí wàhálà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yọ. Ibi tí púpọ̀ nínú àṣìṣe àwọn ọmọ wa ti ń wá nìyẹn: wọ́n á gbé “too heavy” síwájú dáadáa, wọ́n á wá gbàgbé “a” pátápátá, wọ́n á kọ “too heavy load”. Nínú ìwé ọmọ Yorùbá, mo rò pé àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju ti ọmọ yín lọ, torí “a” ò sí lórí ahọ́n wa láti ilé.

Ohun kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ìlànà yìí kò ṣiṣẹ́ àfi tí “a” tàbí “an” bá wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ náà gbọ́dọ̀ ṣeé kà, kó sì jẹ́ ẹyọ kan. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ṣì ń kà, fi èyí hàn dáadáa. Ní Hébérù 12:1, “so great a cloud of witnesses” ló wà níbẹ̀. Jákọ́bù 3:5 ní “how great a matter a little fire kindleth”. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí Hébérù 2:3, “so great salvation” lẹ máa bá, láìsí “a”. Wọn ò gbàgbé rẹ̀ o. Ìkùukùu ṣeé kà, ọ̀ràn ṣeé kà. Ìgbàlà kò ṣeé kà, kò sì gba “a”. Láyé ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ṣì gbà kí “so great” dúró lásán níwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí kò gbà á mọ́. Ẹni tó bá kọ “so great salvation” sínú àròkọ lónìí, àfi kó jẹ́ pé Bíbélì ló ń tọ́ka sí, wọ́n máa fa igi lé e. “Such great salvation” ló kù.

Nítorí náà, a ní “so good a teacher”, ṣùgbọ́n a ò ní “so good teachers”. “Such good teachers” ni. A ní “how big a house”, a ò ní “how big houses”. A ní “as clean a cup as this”, a ò ní “as clean water as this” nínú Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. “Water as clean as this” ló dára. Àwọn mẹ́rin kan ni kò sí nínú èyí, torí iye ni wọ́n ń sọ: “many”, “much”, “few” àti “little”. “So many people”, “too much salt”, “how few”, “as little money as possible”, kò sí èyí tó ṣòro níbẹ̀, kò sì sí “a” tó ń ṣípò.

Bákan náà, kò sí ohun mìíràn tó lè jókòó sí àyè “a” yẹn. Kò sí “too heavy the load”. Kò sí “so kind my teacher”. Kò sí “how big two houses”. Tó bá jẹ́ “the”, “my”, “these” tàbí òǹkà ló wà lọ́rùn ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ yí gbólóhùn náà padà: “the load was too heavy”, “my teacher, who was so kind to us”, “how big are the two houses?”

Ká tún fi ojú ọjà wò ó. Ká ní ẹnì kan ń ná ọjà lórí fóònù lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọlọ́jà lè bi í pé, “How big a basket do you want?” Ó ń béèrè bí apẹ̀rẹ̀ náà ṣe máa tóbi tó. Òǹrajà lè ní, “That is far too high a price for a small basket of tomatoes.” Ẹ wo “far” tó wà níbẹ̀. Ohun tó bá ń ti “too” lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ ló ń wà, wọ́n á sì jọ ṣáájú “a” ni: “far too high a price”, “much too small a room”, “just as good a cook as her mother”, “not nearly so bad a road”. Ọlọ́jà á dáhùn pé, “You will not find as good a price as this anywhere.” Bí òǹrajà bá sì fẹ́ sọ pé òun ò tíì rí apẹ̀rẹ̀ tó kéré tó báyìí rí, “I have never seen this small a basket” ló máa sọ. Ẹnu ni wọ́n ti ń lo “this” àti “that” báyìí jù. Nínú lẹ́tà sí ilé iṣẹ́, “so small a basket” ló bójú mu.

Tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Èyí tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ń wọ̀n nìkan ló ń jáde. “Too heavy a wooden box”: bí àpótí náà ṣe wúwo ni wọ́n ń wọ̀n, ẹnikẹ́ni ò wọn bó ṣe jẹ́ onípákó, ìdí nìyẹn tí “wooden” fi dúró lẹ́yìn “a” níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí “and” bá so méjì pọ̀, wọ́n á jọ jáde ni: “so long and difficult a journey”.

Ó ku “such” àti “what”, àwọn ni aládùúgbò “so” àti “how”. Ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà yìí. “So” ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. “Such” ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. “Such” máa ń ṣíwájú “a”, ṣùgbọ́n kì í fa ọ̀rọ̀ àpèjúwe dání: “such a heavy load”. “Heavy” ò ṣípò. Ẹ fi wé “irú” tiwa. “Irú ẹrù ńlá báyìí”: “irú” ló kọ́kọ́ jáde, “ńlá” ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ẹrù”. Ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ mọ “such” lò, àfi pé á tún gbàgbé “a”, á kọ “such big house”, torí pé kò sí nǹkan kan tó dúró fún “a” nínú “irú ilé ńlá báyìí”. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ tàbí ohun tí kò ṣeé kà, “a” á lọ, “such” á dúró: “such big houses”, “such cold water”. Ó tún lè dá wà láìsí ọ̀rọ̀ àpèjúwe rárá: “such a man”. “So” ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí “so a man”, kò sì sí “so a big house”. Ẹni tó kọ “so a big house” ti lọ́ ìlànà méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn: ó mú “so”, ó wá tò ó bí ẹni tó mú “such”.

“What” ń ṣe bíi “such” nígbà tí ẹnu bá ya ènìyàn. “Ilé yìí mà tóbi o!” jẹ́ “What a big house this is!” “How” ló wà fún ìbéèrè: “How big a house do you want?” “What big a house” àti “how a big house” kò sí nínú èdè náà.

“Quite” àti “rather” rọrùn. “Quite a long time” ló wọ́pọ̀ ju “a quite long time” lọ. “Rather a long time” àti “a rather long time” ń lọ bákan náà. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe níbẹ̀, iwájú “a” nìkan ni wọ́n lè wà: “quite a crowd”, “rather a shame”. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún “quite a few”. “Few” inú rẹ̀ lè mú kéèyàn rò pé díẹ̀ ló túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé “quite a few parents came”, òbí tó wá pọ̀ nìyẹn.

“Half” náà máa ń ṣíwájú: “half an hour”, “half a bag of rice”. Ní ọjà wa, “half bag of rice” là ń gbọ́. Tó bá di orí ìwé, ẹ dá “a” rẹ̀ padà. “Many a” jẹ́ ti ìwé àti ìwàásù, ọ̀pọ̀ ló túmọ̀ sí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ jẹ́ ti ẹyọ kan: “Many a mother has asked this question”, kì í ṣe “have asked”.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń bá ìṣípò yìí rìn. “A” àti “an” kì í wo ọ̀rọ̀ orúkọ, wọn kì í sì í wo ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ìró tó kàn wọ́n ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ti wà lẹ́yìn “a”, òun ló ń pinnu: “an old house”, “an honest man”. Nígbà tó bá ti jáde síwájú, agbára ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ: “how old a house”, “so honest a man”. Ní ìdà kejì, “a good offer” á di “too good an offer”, “a big egg” á di “how big an egg”. Ọmọ tó kọ “so honest an man” kò gbàgbé òfin “an”. Ibi tí “an” wà tẹ́lẹ̀ ló rò pé ó ṣì wà. Ìró ni kí ó sì fi wò ó, kó má fi lẹ́tà wò ó: “so old a university”, torí ohùn “yu” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “so long an hour”, torí a kì í pe “h” ibẹ̀.

Tí ẹ bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè máa sọ pé “too big of a problem”, “not that big of a deal”, “how big of a house”. Wọ́n ń fi “of” sáàárín ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti “a”. Lẹ́nu, ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ti Ilẹ̀ Ọba, tí ilé ìwé wa ń tẹ̀ lé, wọ́n ń kà á sí àṣìṣe, nítorí náà kí ọmọ yín má gbé e wọ yàrá ìdánwò. Àmọ́ kò gbọdọ̀ bínú yọ gbogbo “of a” kúrò o. “Much”, “more”, “less” àti “bit” ní ẹ̀tọ́ sí “of a” níbi gbogbo: “not much of a farmer”, “more of a problem”, “a bit of a surprise”. Iye ni “much” àti “more” ń sọ níbẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe bíi “big”. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ tún kọ́ ọmọ ní ibi tó yẹ kó ti lò ó. “As good a cook as” àti “how big a house” bá ẹnu mu, ó bá ìwé mu. “Too heavy a load” náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “so heavy a load” máa ń le lẹ́nu. Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ á ní “such a heavy load”. “So” bá lẹ́tà mu, ó bá ẹ̀bẹ̀ àti ìwàásù mu. Ẹni tó ń kọ̀wé sí onílé pé òun ò lè san owó náà lẹ́ẹ̀kan lè kọ “I am unable to pay so large a sum at once”. Ó fi ọ̀wọ̀ hàn, kò sì gùn.

“Too” ní ọ̀fìn tirẹ̀ fún wa. “Jù” Yorùbá lè jẹ́ ìyìn. A ń sọ pé “ọmọ yìí dára jù” tí inú wa á sì dùn, a wá ń gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí: “she is too good”. “Too” tí wọ́n ń fẹ́ nínú ìdánwò kì í ṣe ìyìn; ohun tó kọjá àlà ni. Ẹni tó bá kọ “You are too kind a boss” sínú lẹ́tà ìdúpẹ́, ẹni tó kà á lè máa retí ohun tí inúure náà bà jẹ́. Tó bá jẹ́ ìyìn lẹ fẹ́, “such a kind boss” ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí “too” jẹ́ ìyìn dandan, ẹ fún un ní ìrù rẹ̀: “He is too honest a man to cheat you.”

Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá dàrú mọ́ lójú nínú ìdánwò, ó sì wà nínú èdè tirẹ̀. “Ẹrù tó wúwo jù” là ń sọ: ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́kọ́ jáde, “tó” tẹ̀lé e, àpèjúwe wá gbẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì gba ìtò yẹn pátápátá: “a load that was too heavy for the boy to carry”. “A” wà ní àyè rẹ̀, kò sí ohun tó ṣípò, kò sì sí olùkọ́ tó máa fa igi lé e. Ó kàn gùn díẹ̀ ni. Òun náà ló ń gba èèyàn níbi tí ìṣípò kò ti ṣeé ṣe, fún ọ̀pọ̀ àti fún ohun tí kò ṣeé kà: “loads that were too heavy”, “water that was too cold to drink”. Mo fẹ́ kí ọmọ mọ ọ̀nà méjèèjì, kó máa fi ti ìṣípò ṣe èyí tó bá dá a lójú.

Láti fi dán an wò nílé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin. Ẹ kọ gbólóhùn kan tó ní “very”, bíi “It was a very small room.” Ẹ ní kó fi “too” rọ́pò “very”, kó ka ohun tó kọ sókè, kó sì fi ìrù kan kún un: “It was too small a room for six people.” Ẹ ní kó lo “so”: “It was so small a room that we slept in turns.” Lẹ́yìn náà, “such”, kó rí i pé “small” ti padà sẹ́yìn “a”: “It was such a small room that we slept in turns.” Kó wá sọ ọ́ di ọ̀pọ̀, “rooms”. Ibí ni kí ẹ ti tẹ́tí dáadáa. Tó bá sọ pé “so small rooms”, kò tíì yé e. Ẹ padà sí ti Hébérù méjèèjì yẹn, kí ẹ fi “cloud” àti “salvation” hàn án. “Such small rooms” ló yẹ kó sọ.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fún un ní márùn-ún yìí kó tún un ṣe, láìsọ ohun tó ṣe é fún un: “She is a so good singer.” “It is too hot day to play football.” “How an old house is it?” “They are so kind people.” “He is as an honest man as his father.” Èsì wọn rèé: “She is so good a singer” tàbí “such a good singer”, “It is too hot a day to play football”, “How old a house is it?”, “They are such kind people”, “He is as honest a man as his father.” Tó bá gba mẹ́rin tó sì kùnà ìkarùn-ún, ẹ wò ó bóyá “an” ló fi síwájú “man”. Ọ̀rọ̀ ìró nìyẹn, kò sì gba ju kó ka “honest a man” sókè ní ìgbà mélòó kan lọ.